Ta Ló Ni Eré? Ìtàn Géèmù Àtẹ́lẹwọ́, láti Brick Game títí dé Ọpọ́n Ayò

Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ní Mọ́níyà, ní Lálúpọn, ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Akanran pé kí ni wọ́n ń pè ní Brick Game. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà ni yóò na àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì, tí yóò máa mì wọ́n bí ẹni tó ń tẹ nǹkan. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà lọ. Ike ni wọ́n fi ṣe é, bátìrì kéékèèké méjì ni wọ́n ń kì sí i lẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò sì ní àwọ̀ kankan ju eérú àti dúdú lọ. Bíríkì á máa já bọ́ láti òkè, ìwọ á máa yí i, ìwọ á máa tò ó. Bí ìlà kan bá ti kún dọ́gba, á pòórá. Bí o kò bá sì tètè tò ó, ògiri á ga dé òkè, eré parí nìyẹn. Ẹni tí kò ta á rí lè sọ pé, ṣé ohun tí àgbàlagbà ń rántí tí inú rẹ̀ ń dùn tó báyìí náà nìyí? Òun náà ni o!

Ohun tó jẹ́ kí n mú kálàmù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìrántí yẹn ti di ọjà ńlá káàkiri ayé. Àwọn àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó níyàwó tó bímọ, ló ń fi owó gidi ra ẹ̀rọ tuntun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa ta géèmù àtijọ́ lọ. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni pé nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, àwọn kan wà tí ẹni tó ṣe wọ́n kò fi àṣírí kankan pamọ́. Bí wọ́n ṣe to wáyà inú rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ètò tó ń darí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló gbé síta pé kí ẹni tó bá wù wò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì ṣe tirẹ̀ jáde. Mo wá bi ara mi pé, ta ló ni eré gan-an? Ẹni tó dá a sílẹ̀ ni, àbí ẹni tó ń ta á?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kì í ṣe pé Ìbàdàn pẹ́ mọ tẹlifíṣàn. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti Agodi dé àwọn abúlé oko Àkìnyẹlé àti Lágelú. Nígbà tí géèmù orí tẹlifíṣàn dé, èyí tí wọ́n ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀, ọmọ ẹni tó ní tẹlifíṣàn tó sì ní iná ló lè ta á. Iná mànàmáná kò sì dé ọ̀pọ̀ abúlé wa. Ibi tí ó dé pàápàá, ṣé ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí Brick Game dé ní àárín àwọn ọdún 1990, tí àwọn tó ń kiri ọjà ní gáréèjì ń gbé e káàkiri pẹ̀lú aago ọwọ́ àti dígí ojú, òun ni géèmù àkọ́kọ́ tó bá wa délé oko. Kò bèèrè iná, kò bèèrè tẹlifíṣàn. Bátìrì irú èyí tí aago ara ògiri ń lò ni oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aago ara ògiri ló dúró lójijì láyé ìgbà náà, tí bàbá ń bú ẹni tó tà á fún un, láìmọ̀ pé inú géèmù ọmọ òun ni bátìrì rẹ̀ wà. Bí bátìrì bá kú, a ó sá a sí oòrùn. Bí oòrùn kò bá ràn án, a ó fi eyín gé e, á tún jí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ojú ẹ̀rọ náà kò tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà, lálẹ́, ẹni tó ń ta á gbọ́dọ̀ jókòó ti àtùpà, àwọn mẹ́rin mìíràn á sì na ọrùn lé e léjìká, tí wọ́n ń dá a lámọ̀ràn tí kò bèèrè.

Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé géèmù 9999 ló wà nínú rẹ̀. Irọ́ ni! Géèmù bíi mélòó kan péré ni: èyí tí a fi ń to bíríkì, ti ọkọ̀ tó ń sáré, ti ọkọ̀ ogun, ti ejò, ti bọ́ọ̀lù tó ń fọ́ ògiri. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń mú yára sí i, tí wọ́n ń yí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ padà, tí wọ́n ń kà á bí òmíràn. Gbogbo ojú rẹ̀ kò ju igun mẹ́rin kéékèèké 200 lọ, 10 ní ìbú, 20 ní òró. Inú igun 200 yìí ni wọ́n ti fi bíríkì ṣe ọkọ̀, tí wọ́n fi bíríkì ṣe ejò. Èmi ò rí ohun tí wọ́n fi ọgbọ́n ná níná bẹ́ẹ̀ rí.

Ibo ni ó ti wá? Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò dùn létí tó eré náà. Ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Alexey Pajitnov ló dá eré bíríkì yìí sílẹ̀ ní Moscow ní 1984, ní ibi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Àkádẹ́mì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ti ìjọba Soviet. Tetris ló pè é. Kọ̀ǹpútà tó lò kò lè ya àwòrán, àmì lẹ́tà ni ó fi ṣe bíríkì. Láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ dé ọwọ́ ọ̀rẹ́ ni eré náà ṣe tàn ká Moscow, láìsí pé ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀. Nígbà tí àwọn oníṣòwò òkè òkun rí i, tí wọ́n ń du ú láàárín ara wọn, ìjọba Soviet ló ń gba owó rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló ṣe é. Pajitnov kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1991. Ọdún 1996 ni òun àti Henk Rogers dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọdún 12! Àwọn tó sì ń ṣe Brick Game ní ilẹ̀ Ṣáínà kò kọ Tetris sí i lára, nítorí wọn kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ràn jù ní kékeré, ọjà tí wọ́n jí ọgbọ́n rẹ̀ kó ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ fúnra rẹ̀ ní bàbá tirẹ̀. Ní ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáánì, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Nintendo. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1889, káàdì títa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Gunpei Yokoi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ojú irin ni ó ti rí ọkùnrin kan tí ara ń ni, tó ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ ṣáá láti fi pa àkókò. Láti ibẹ̀ ni ó ti ronú kan Game & Watch tí wọ́n gbé jáde ní 1980, géèmù àti aago nínú ẹ̀rọ kan náà. Ìlànà Yokoi ni pé kí èèyàn má ṣe sáré tẹ̀lé ohun tuntun tó wọ́n. Ohun àtijọ́ tó ti pọ̀ lọ́jà, tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ti mọ àléébù rẹ̀, òun ni kí èèyàn mú, kí ó wá fi dá àrà tí ẹnìkan kò rò. Ẹ ò rí i pé bí àwọn tó ń tún rédíò ṣe lọ́dọ̀ wa ṣe ń ronú náà nìyẹn?

Ní 1989, ilé iṣẹ́ náà gbé Game Boy jáde. Kò ní àwọ̀, bátìrì mẹ́rin ló ń lò, ó sì ń pẹ́ ju wákàtí 10 lọ. Sega gbé Game Gear dìde láti bá a jà, ojú tirẹ̀ ní àwọ̀, ó sì ń tàn yòò. Ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́fà ló ń jẹ, kì í sì í ju bí wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ta ló borí? Game Boy àti àbúrò rẹ̀ tó wá ní àwọ̀ lẹ́yìn náà tà ju mílíọ̀nù 118 lọ. Yokoi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1997.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ kásẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ èyí. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Gerald Lawson tí wọ́n ń pè ní Jerry, ni olórí àwọn ẹnjiníà tó ṣe Channel F fún ilé iṣẹ́ Fairchild ní 1976. Òun ni ẹ̀rọ géèmù ilé àkọ́kọ́ tí èèyàn lè yọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ó sì ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ó kú ní 2011. Ìgbà tó ti ń darúgbó ni àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, fóònù ló gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ Brick Game. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Nokia sì kó ejò rẹ̀ wọlé. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan tó ń jẹ́ Taneli Armanto ló kọ ejò náà sínú Nokia 6110 ní 1997, ṣùgbọ́n ejò kan náà ti wà nínú Brick Game wa, ìran rẹ̀ sì ti wà láti 1976 nínú géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Blockade. Ní abúlé tí nẹ́tíwọ̀kì kò dé àfi bí èèyàn bá gun òkè, kí ni èèyàn tún fẹ́ fi fóònù ṣe ju kó fi bọ́ ejò lọ? Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé géèmù dé, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, PlayStation àti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá orí tẹlifíṣàn tí wọ́n ń san owó ìdíje kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní í pẹ́ lórí ìyẹn. Ariwo ibẹ̀ nìkan tó ìwé kan.

Ẹ jẹ́ ká wá kan àwọn ẹ̀rọ tí a ṣí sílẹ̀. Bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ rèé. Adáhunṣe kan wà tó jẹ́ pé àgúnmu tó ti gún kúnná ni yóò fún ọ. O kò mọ ewé, o kò mọ egbò, bí ó bá tán, àfi kó o padà wá. Adáhunṣe mìíràn á mú ọ wọ igbó, á fi ewé hàn ọ́, á ní, lọ já a fúnra rẹ, bí o bá sì rí ewé mìíràn tó mú un ṣiṣẹ́ sí i, wá sọ fún wa. Èyí èkejì ni Richard Stallman ń wí ní Amẹ́ríkà láti 1983 lórí ọ̀rọ̀ ètò kọ̀ǹpútà. Èyí náà ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Helsinki, Linus Torvalds, ṣe ní 1991 nígbà tó gbé Linux síta. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n, àwọn Yorùbá ti wí i tipẹ́.

Ilé iṣẹ́ kan ní Kòríà gbé GP32 jáde ní 2001, wọ́n sì gbà kí ẹnikẹ́ni kọ géèmù tirẹ̀ sí i. Ní 2005, GP2X dé, Linux ló wà nínú rẹ̀, bátìrì méjì ló sì ń lò bíi Brick Game wa gẹ́lẹ́. Àwọn tó ra á kò tíì lò ó pẹ́ tí wọ́n fi kọ ètò tó ń mú kí ẹ̀rọ tuntun máa ṣe bí ẹni pé òun ni Game Boy, tàbí Sega, tàbí ẹ̀rọ orí tẹlifíṣàn ayé àtijọ́. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà kan ní, ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Pandora ni wọ́n pè é. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní 2008. Ọdún 2010 ni èyí àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ ẹni tó ti sanwó sì dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tó ti dá èésú rí, tí ẹ sì dúró de àkókò tí yóò kàn yín, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Arduboy, tí Kevin Bates ní Amẹ́ríkà fi gba owó lọ́wọ́ àwọn aráàlú ní 2015 kí ó lè ṣe é jáde. Kò tóbi ju káàdì báńkì lọ. Ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀, àyè tó wà fún géèmù nínú rẹ̀ kò ju kílóbáìtì 32 lọ, ìyẹn kéré gan-an sí fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù yín ń yà. Ó sì gbé gbogbo àṣírí rẹ̀ síta, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè jókòó kọ géèmù sí i. Ní 2018, Hardkernel ti Kòríà ṣe ODROID-GO, wọ́n kó o ránṣẹ́ ní wẹ́wẹ́, ẹni tó ra á ni yóò tò ó fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí irú rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà fóònù ní ẹ̀gbẹ́ Queen Cinema n'Íbàdàn, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ olè tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ tó pọ̀ lọ́jà lónìí láti Ṣáínà, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn olùfẹ́ géèmù fi òru kọ ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn kan nínú àwọn tó ń tà wọ́n tún máa ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù olówó sínú rẹ̀ láìgbàṣẹ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tiwa náà, èyí ti 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà bó ṣe dáàbò bo ìwé. Èmi tí mo ń fi kálàmù jẹun, tí mo ti rí ọ̀rọ̀ mi lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn rí, mi ò lè jókòó kí n máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń kó iṣẹ́ oníṣẹ́. Pajitnov fi ọdún 12 wo èrè iṣẹ́ rẹ̀ lókèèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ní 2023, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú ìtàn géèmù, Video Game History Foundation, ṣe ìwádìí. Nínú géèmù 100 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, 87 ni kò sí lọ́jà mọ́ rárá. Oníǹkan kò tà á, kò sì fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn jókòó lé e ni. Bí kì í bá ṣe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tí a ṣí sílẹ̀ tọ́jú wọn, púpọ̀ nínú wọn ni ì bá ti kú pátápátá. Ẹ wo géèmù tó wà nínú fóònù àwọn ọmọ wa báyìí. Dátà ni wọ́n ń jẹ, owó ni wọ́n ń tọrọ láàárín eré, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá sì pa ẹ̀rọ rẹ̀ ní òkè òkun, eré ọmọ ní Ìyànà-Ọfà parí, kò sì sí bátìrì tí yóò sá sóòrùn. Ní tèmi o, ẹni tó ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bo eré mọ́lẹ̀ láàyè.

Àwa ti ní eré tí ẹnìkan kò lè bò mọ́lẹ̀. Ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí o kò bá lówó ọpọ́n, gbẹ́ ihò sílẹ̀. Bí o kò bá rí ọmọ ayò, ṣa òkúta tàbí ekùrọ́. Oníṣọ̀nà jẹ owó ọpọ́n tó gbẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gba owó lórí bí a ṣe ń ta á. Ọ̀ta ló ń fi ìyà kọ́ ọ̀pẹ, ọ̀pẹ á sì di ọ̀ta. Ní 1977, A. O. Odeleye kọ ìwé odidi kan lórí ayò, ilé ìtẹ̀wé Oxford sì tẹ̀ ẹ́ jáde n'Íbàdàn níbí. Ní 2002, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, kó kọ̀ǹpútà jọ, wọ́n fi yẹ gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ayò tí wọ́n ń pè ní Awari lè gbà lọ. Wọ́n ka ipò 889,063,398,406. Èsì tí wọ́n rí ni pé bí ẹni méjì tí kì í ṣi ọwọ́ bá jókòó sídìí ọpọ́n, ọ̀mì ni yóò já sí, 24 sí 24. Bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò tíì rí ẹni tí kì í ṣi ọwọ́ lábẹ́ igi ọdán kankan láti Ìjàyè dé Akanran.

Ihò 12 àti ọmọ 48 kò le láti kó sínú ẹ̀rọ bí Arduboy, àyè á tilẹ̀ ṣẹ́kù. Bí a ṣe ń fúnrúgbìn ọmọ kò le, bí a ṣe ń jẹ méjì tàbí mẹ́ta náà kò le. Odù ni yóò fún ẹni tó bá ń kọ ọ́ ní iṣẹ́ díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí ó kó ọmọ jọ sójú kan, àti ìgbà tó yẹ kí ó tú u dà sórí ẹnìkejì. Ìyẹn náà ṣe é kọ́. Àwọn èébú tí ọ̀ta máa ń bú ọ̀pẹ, tí àwọn òǹwòran fi ń dìmọ́ra wọn rẹ́rìn-ín, ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa kó o wọ inú kílóbáìtì 32.